Ọwọ́ tó gbé fóònù kò lè pàtẹ́wọ́: báwo lẹ ṣe ń dá oníjó lóhùn níbi tiyín?

Ọmọ Àkàbà (Kétu)

Ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Mo rò ó títí, mo ní kí n kúkú gbé e wá síbí.

Àbúrò mi ọkùnrin ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ó ti kọjá ti àwọn ọmọdé tó máa ń kọ́kọ́ sáré yí agbo ká lọ́sàn-án. Ó ti ń ru igi báyìí (ère tí oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń gbé lérí), ìyáàlù ti ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fèsì. (Fún àwọn tó jìnnà: Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe eégún. A mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ, kò sí àṣírí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ní gbangba pé àbúrò mi ni.)

Lọ́jọ́ Àìkú, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ jáde, aṣọ kan náà, gèlè kan náà, igi wọn jọra bí ìbejì. Ẹ̀gbẹ́ àwọn onílù ni mo dúró sí. Wọ́n jó débi pé mo gbàgbé pé àbúrò mi ni mò ń wò. Nígbà tí ìyáàlù já, tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, irin ẹsẹ̀ wọn dún ṣàá, ó sì dákẹ́. Mo ya ẹnu láti hó. Èmi nìkan ni mo hó. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, gbogbo ọwọ́ wà lókè, fóònù ló wà nínú wọn. Bóyá ogójì èèyàn ló wà ní ìlà iwájú. N kò rò pé mẹ́wàá nínú wọn ní ọwọ́ tó ṣófo.

A dé ilé, ó bọ́ aṣọ, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí ẹni tí òjò pa. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni mo ti ṣì í?" Mo ní kò ṣì í rárá. Ó ní, "Kí ló dé tí wọn ò fi dá mi lóhùn?"

Ó wá ṣàlàyé pé láti inú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ojú òun, òun kì í rí èèyàn dáadáa. Eyín ni òun ń rí, àti funfun ojú, àti àtẹ́lẹwọ́. Ìyẹn lòun fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀yìn fóònù lòun rí.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Èmi náà ti ya fídíò rí. Mo kàn fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀yin tí ẹ ń jó, tí ẹ ń kọrin, tí ẹ ń lù, àti ẹ̀yin tí ẹ ń wò: láìlo ẹnu, kí lẹ fi ń sọ fún ara yín pé "mo gbọ́ ọ"?

Onílù (Pọ́bẹ̀)

Ọmọ Àkàbà, sọ fún àbúrò rẹ kó fọkàn balẹ̀. Ẹni tí irin ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dákẹ́ pẹ̀lú ìlù kò ṣì jó. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń lù, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún àwọn ọmọ tó ń kà wá. Ọ̀rọ̀ ni ìyáàlù ń sọ. Ó lè jẹ́ òwe, ó lè jẹ́ oríkì, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ni ín nìkan yóò mọ̀ pé òun ló ń bá wí. Ẹ̀ka là ń pè é. Àwọn omele á máa lọ lábẹ́ rẹ̀ láìyí padà, bí ọmọrí odó lọ́wọ́ ẹni tó mọ iyán gún. Oníjó gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀ka yẹn tẹ́lẹ̀, torí pé ẹsẹ̀ ló máa fi sọ ọ́ padà. Ibi tí ohùn bá ti lọ sókè, ibi tó bá ti wálẹ̀, ó gbọ́dọ̀ hàn nínú ìgbésẹ̀ rẹ̀. Irin tí a so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, tí à ń pè ní ìkù, ẹnu ẹsẹ̀ nìyẹn. Bí ìyáàlù bá dákẹ́ tí ìkù ṣì ń dún, ọmọ kékeré tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ pàápàá á mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni ibi tí ojú onílù wà. Ojú mi kì í sí lára ìlù, ọwọ́ mi ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Orúnkún àti èjìká oníjó ni mò ń wò. Bí èjìká rẹ̀ bá wálẹ̀ díẹ̀, ó ń sọ fún mi pé èémí òun fẹ́ tán, kí n má gùn ún. Bó bá sáré wá dojú kọ mí, tó fi ẹsẹ̀ kan lu ilẹ̀, ẹ̀ka kan ló ń bèèrè lọ́wọ́ mi. A kì í sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ọ̀dọ̀ oníjó ni ojú mi wà, àmọ́ kò sí níbẹ̀ nìkan: mo ń wo àwọn ìyá tó jókòó níwájú náà. Bí wọ́n bá gbé àgbọ̀n sókè, bí ọ̀kan nínú wọn bá na ọwọ́ gbé ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ mú, mo mọ̀ pé ẹ̀ka yẹn wọlé, màá tún un lù. Bí ojú wọn bá tutù, màá já a, màá mú òmíràn. Àwọn ló ń yan ohun tí mò ń lù, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀.

Wò ó báyìí. Ẹni tó ń ya fídíò kì í fẹ́ kí àwòrán mì. Ó dúró gan-an, ó mú èémí sínú, ọrùn rẹ̀ kì í yí, èjìká rẹ̀ kì í sọ. Ijó kò lè wọ inú ara tó ti le báyẹn. Ó ti pé bí ọdún mẹ́jọ tí mo ti ṣàkíyèsí pé èmi náà ti ń lu ẹ̀ka díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, torí pé n kì í rí ojú ẹni tí màá fi mọ èyí tó kàn.

Àbíkẹ́ (Kútọnu)

Ẹ kú àlàyé, bàbá. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an. Kútọnu ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ló wá láti Kétu. Mo máa ń bá wọn lọ sílé nígbà ọdún, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohun tí ìlù ń sọ. Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín, èmi á máa wo ẹnu wọn. Mo gbé fóònù sókè torí pé n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹni bíi tèmi lè ṣe?

Ìyá Táíwò (Ṣábẹ̀ẹ́)

Àbíkẹ́ ọmọ mi, o ṣeun tó o sọ òtítọ́. Kétu ni wọ́n bí mi sí, ọkọ ló gbé mi wá sí Ṣábẹ̀ẹ́. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyá mi kọ́ mi, kò sì fi ẹnu kọ́ mi, ó ń fà mí láṣọ ni.

Àkọ́kọ́, mọ ẹni tí wọ́n ń jó fún. Ọkùnrin ló ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ṣùgbọ́n àwa obìnrin ni wọ́n ń jó o fún. Àwọn ìyá wa, tó ti lọ àti tó wà láyé, ni wọ́n fi ń tù lójú, kí òjò lè rọ̀, kí ọmọ lè yè. Ìyáláṣẹ̀ ló wà lórí ohun gbogbo. Nítorí náà, bí obìnrin bá jókòó níwájú agbo tí kò fi ara dáhùn, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, kò sì gbà á, kò sì kọ̀ ọ́. Ìyẹn le fún ẹni tó ń jó ju kí o kọ̀ ọ́ lọ.

Ohun tí a máa ń ṣe rèé. Bí oníjó bá jó dé iwájú rẹ, tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìwọ náà tẹ̀ síwájú díẹ̀, na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí i. Ìyẹn ni pé o gbà á. Bó bá jó tán, mú etí ìró rẹ kí o fi fẹ́ ẹ, torí ooru pọ̀ lábẹ́ aṣọ yẹn. Ìyá mi a máa tú ìborùn rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ kí oníjó tẹ̀ ẹ́ kọjá, kò sì ní fọ̀ ọ́ títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n bá já, mo ti rí i tí àwọn obìnrin dìde wùú lọ dì mọ́ ọmọ tó jó, tí wọ́n nu òógùn rẹ̀.

A sì ní bí a ṣe ń kọ̀. O ká ọwọ́ lé àyà, o wo ẹ̀gbẹ́. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òru Ẹ̀fẹ̀ ni, òru tí akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí à ń pè ní Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde. Ẹ̀fẹ̀ kọ orin kan tó bú opó kan tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìrùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ sókè, èyí tó jẹ́ àmì pé kí agbo gbe orin. Kò sí ẹni tó gbè é. Gbogbo ìyá ká ọwọ́ lé àyà. Ó tún ìrùkẹ̀rẹ̀ gbé, a tún dákẹ́. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀, ó tẹrí ba, ó sì mú orin mìíràn. Kò sí ẹni tó bá a wí, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Opó yẹn wà nínú agbo, mo rí ojú rẹ̀.

O kò nílò láti gbọ́ ìlù kí o tó ṣe èyíkéyìí nínú ohun tí mo sọ. Jókòó ti ìyá àgbà kan. Ohun tó bá fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ni kí ìwọ náà ṣe.

Àbíkẹ́ (Kútọnu)

Ìyá, ẹ ṣeun. Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta.

Ará Òkèèrè (Libreville)

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ fún àwa tí ẹ ń ya fídíò fún.

Ọmọ Kétu ni mí, ó pé ọdún 11 tí mo ti wà ní Gabon. Àwọn ọmọ mi méjì kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Kétu rí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n mọ̀, inú WhatsApp ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Lọ́dún tí ìyá mi kú, n kò lè wálé. Ẹni kan dúró nínú oòrùn, ó gbé fóònù sókè fún wákàtí méjì, ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. N kò mọ ọ̀nà tí mo lè gbà dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà láyé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ fóònù, ẹ rántí pé ojú àwa tó jìnnà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. A fẹ́ dá oníjó lóhùn. Ọwọ́ wa ni kò tó.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbà pẹ̀lú yín níbì kan. Nínú gbogbo fídíò tí mo ní, n kò rí ojú èèyàn kan. Oníjó nìkan ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ mi obìnrin bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ta ló ń jó fún?" Mo dákẹ́. Ẹ yí fóònù yẹn sí àwọn tó ń wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká rí ìyá tó ń fi etí ìró fẹ́ ọmọ. Ìyẹn ló ń wù mí rí jù.

Olórin (Àjàṣẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n mú ti òde ìnáwó wá, torí ìyẹn ni iṣẹ́ mi. Mo ń kọrin níbi ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìkómọ ní Àjàṣẹ́. Ìlú wa kò rí bíi Kétu. Lábẹ́ àtíbàbà kan ṣoṣo, ẹ lè rí Yorùbá, Gùn, àti àwọn ọmọ tó jẹ́ pé Faransé nìkan ló já gaara lẹ́nu wọn. Mo ń kọ Yorùbá, mo ń kọ Gùn, ṣùgbọ́n kò sí orin tí gbogbo wọn ń gbọ́ tán. Ara ló jẹ́ èdè tí gbogbo wa jọ ń sọ.

Sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lórí pèpéle: bí mo bá di ìkúùkù, wọ́n á dákẹ́ ní ìlù tó kàn. Bí mo bá na àtẹ́lẹwọ́ sísàlẹ̀, kí wọ́n rẹ ohùn wálẹ̀. Bí mo bá fi ìka yí afẹ́fẹ́ po, kí a tún un gbà. Èrò kì í rí i, ẹ̀yìn mi ni mo máa ń fi ọwọ́ sí. Sí àwọn èèyàn: mo máa ń fi ọwọ́ sí etí kí wọ́n mọ̀ pé n kò tíì gbọ́ wọn.

Owó náà ń sọ̀rọ̀. Ẹnì kan á jó wá, á mú 500 sẹ́fà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi níwájú orí, á tún jó lọ sẹ́yìn, á tún padà wá pẹ̀lú òmíràn. Ẹni yẹn fẹ́ jó, ó ń bẹ̀ mí kí n má pa orin náà. Ẹlòmíràn á kó gbogbo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sì wo ẹ̀yìn láti mọ ẹni tó ń wò ó. Èmi á kí òun náà, ìnáwó ni a wá ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ ni mo máa ń rántí bí mo bá dé ilé.

Ní ti fóònù, mo ní ìtàn kan tó yàtọ̀ sí ti Ọmọ Àkàbà. Ìgbéyàwó kan là ń ṣe lálẹ́, iná lọ. Makirofóònù kú, gìtá kú, òkùnkùn bò wá. Mo gbọ́ tí ìyá ìyàwó mí kanlẹ̀. Kí n tó mọ̀, ẹnì kan tan iná fóònù rẹ̀, ó gbé e sókè. Ẹlòmíràn tan tirẹ̀. Kò pẹ́, gbogbo abẹ́ àtíbàbà ń tàn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi ọwọ́ lọ mi ọwọ́ bọ̀. Agogo nìkan ló kù fún wa. Mo fi ohùn lásán kọrin, wọ́n ń fi iná yẹn bá agogo lọ. Mo ti kọrin fún ọdún 14, n kò tíì rí èsì tó wọ̀ mí lára tó ìyẹn. Fóònù kan náà ni o. Ìyàtọ̀ ni pé lọ́jọ́ náà, èmi ni wọ́n ń fi tàn fún.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Abẹ́òkúta)

Olórin, ẹ gbádùn o, ẹ̀yin tí owó yín ṣì lè lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Ní Nàìjíríà, òfin báǹkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà níbi ayẹyẹ sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ọjọ́ pẹ́ tí a kò kà á sí, àmọ́ láti ọdún 2024 ni wọ́n ti ń mú èèyàn gan-an. Ní báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi owó sínú àpò ìwé. Àwọn onílù ní owó náà kò dín kù, ṣùgbọ́n ijó ti kúrò nínú rẹ̀. O na àpò ìwé sí wọn bí ẹni ń san gbèsè, o padà lọ jókòó. Àwa náà ṣì ń wá ohun tí a máa fi rọ́pò rẹ̀.

Olùkọ́ (Sákété)

Ọ̀rọ̀ dídùn. Mo fẹ́ fi nǹkan méjì kún un.

Àkọ́kọ́, ìró. Ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tí wọ́n ń pa nípa ìbẹ̀rẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu dá lé ìjà oyè láàárín ìbejì. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ pé èkejì ń bọ̀ wá pa òun lóru. Ó so ìkaraun ìgbín pọ̀ mọ́ okùn, ìró rẹ̀ sì lé àwọn ọ̀tá sá. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn torí pé ohun tó ń dún ló gba ẹ̀mí ọkùnrin náà, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí mo bá gbọ́ ìkù, ìtàn náà ni mo máa ń rántí.

Èkejì, èsì tó bọ́ sí àsìkò tí kò yẹ. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn iṣẹ́ àràmàǹdà ọmọ aráyé. Ní 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àwọn àjogúnbá tí a kò lè fọwọ́ kàn, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Inú mi dùn sí i. Àwọn fúnra wọn kọ ọ́ pé ìrìn-àjò afẹ́ lè sọ ọ́ di ohun títà. Èyí tí mo rí lójú mi ni pé àwọn àlejò máa ń pàtẹ́wọ́ ní àárín ẹ̀ka. Ọkàn tó dára ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ náà bo ìyáàlù, oníjó kò gbọ́ ibi tí wọ́n ti fẹ́ já, ó sì ṣì í. Nítorí náà, Ọmọ Àkàbà, ariwo nìkan kọ́ ni èsì. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn àgbà máa ń dákẹ́ títí ẹ̀ka á fi parí, ìdákẹ́ tó kún. Ẹsẹ̀ á balẹ̀, a ó tó ka ení, ìgbà yẹn ni gbogbo ọjà á bú jáde. Ohun tó o rí lọ́jọ́ Àìkú ni pé ìdákẹ́ kò parí.

Ọmọ Àkàbà (Kétu)

Olùkọ́, ẹ ti fún mi ní ọ̀rọ̀ tí mò ń wá. Ìdákẹ́ kò parí. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Ìdòwú (Kétu)

Mo ti ń kà á láti àná, mo ń rò ó bóyá kí n sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Àbúrò mi obìnrin kò gbọ́ràn. Àìsàn ló mú etí rẹ̀ lọ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Kò sí ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí kì í lọ, kò sì sí ọdún tí ẹnì kan kì í bi mí pé, "Kí ló ń wá lọ síbẹ̀?"

Bàbá wa ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà rẹ̀. Ó gbé igbá tó ṣófo lé e lọ́wọ́, ó ní kó dì í mọ́ àyà. Ìró ìlù ń wọ inú igbá, igbá ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n lọ sí egungun àyà rẹ̀. Mo rántí bí ojú rẹ̀ ṣe là. Láti ọjọ́ yẹn ló ti máa ń bọ́ bàtà bó bá dé agbo, kí ilẹ̀ lè sọ ìyókù fún un. Nígbà tí mo dàgbà ni mo kà nípa obìnrin onílù kan ní Scotland, Evelyn Glennie, tí etí rẹ̀ ti dí púpọ̀ láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún 12, tó sì ń lu ìlù níwájú gbogbo ayé láìwọ bàtà. Mo fi àwòrán rẹ̀ han àbúrò mi. Ó tọ́ka sí ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó tọ́ka sí tirẹ̀.

Ó mọ ibi tí ẹ̀ka ti ń parí ju èmi tí mo ń gbọ́ràn lọ, torí èmi ń fi etí dúró de ìyáàlù, òun ń wo orúnkún oníjó. Orúnkún máa ń sọ ọ́ ṣáájú.

Àtẹ́wọ́ kò ní ìtumọ̀ fún un. Àwọn tí kò gbọ́ràn máa ń gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n á ṣí ìka sílẹ̀, wọ́n á máa yí àtẹ́lẹwọ́ síwá sẹ́yìn kíákíá. Àtẹ́wọ́ tiwọn nìyẹn, ojú ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan jó tán níwájú wa. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń yí i. Àwọn ọmọ kan ń rẹ́rìn-ín. Oníjó náà dúró. Ó wò ó láti inú aṣọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sókè, ó gbọ̀n ọ́n bí àbúrò mi ṣe ń gbọ̀n ọwọ́, gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Àbúrò mi sunkún dé ilé.

Ní ọdún tó kọjá, a kò rí ibi dúró níwájú mọ́. Ọwọ́ tó gbé fóònù sókè bo ojú rẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ràn ṣì lè dúró lẹ́yìn kó gbọ́ ìlù. Òun, bí kò bá ti rí orúnkún, kò sí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ níbẹ̀. Ó fà mí láṣọ, a padà sílé kí oòrùn tó wọ̀.

Ìyá Táíwò (Ṣábẹ̀ẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Ìdòwú, ọkàn mi gbọgbẹ́. Kí Olúwa bá mi kí ọmọ náà. Ojú tó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran, bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa wí. Ojú ni wọ́n sọ.

Ọmọ Àkàbà (Kétu)

Mo ka ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Ìdòwú sókè fún àbúrò mi. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní òun mọ obìnrin náà. Ó ní òun ti rí i rí lọ́dún yẹn, nígbà tí òun ṣì ń jó pẹ̀lú àwọn ọmọdé, òun sì rò pé idán kan ló ń ṣe.

A ti lọ bá Bàbáláṣẹ̀ àti Ìyáláṣẹ̀, àwọn olórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa. N kò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fòfin de fóònù. Mo ka ọ̀rọ̀ Ará Òkèèrè fún wọn náà, Ìyáláṣẹ̀ sì ní àwọn ọmọ tòun wà ní Abidjan, kò ní pa ojú wọn dé. Ohun tí wọ́n gbà ni pé kí ẹnì kan ṣoṣo máa ya, kó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìdílé tó bá fẹ́, kí ìlà iwájú sì jẹ́ ti àwọn ìyá àti àwọn tí ojú wọn ni etí wọn.

Ará Òkèèrè (Libreville)

Èmi á san owó ẹni tó máa ya á. Ohun kan ni mo tọrọ: bí ẹsẹ̀ bá balẹ̀, kó yí fóònù sí àwọn tó ń wò.

Olórin (Àjàṣẹ́)

N kò fara mọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ọmọ ogún ọdún tó fẹ́ràn ijó yìí, tó fẹ́ fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di ọ̀daràn. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ya ìjáde àti àbọ̀ sílé, kí wọ́n sì gbé e sápò nígbà tí ìyáàlù bá ń sọ̀rọ̀.

Onílù (Pọ́bẹ̀)

Ọ̀rọ̀ Olórin dára ju ti àwọn Bàbáláṣẹ̀ lọ, kí wọ́n má bínú sí mi. Màá wá fún ti ọdún tó ń bọ̀, wọ́n ti ránṣẹ́ sí mi tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó máa ya á, kó dúró ní apá òsì mi, lẹ́yìn omele, kí òjìji rẹ̀ má bọ́ sínú agbo. Ẹ̀gbọ́n Ìdòwú, kí ìwọ àti àbúrò rẹ tètè dé. Apá ọ̀tún ìyáàlù ni kó jókòó. Ilẹ̀ ibẹ̀ le, ó máa ń gbé ìró dáadáa. Kó mú igbá rẹ̀ dání. Èmi náà fẹ́ máa rí ojú rẹ̀ bí mo bá ń lù.

Ẹ̀gbọ́n Ìdòwú (Kétu)

Mo ti sọ fún un. Ó ti lọ gbé igbá náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà.